Ẹ Má Pe Àbẹ̀kẹ́ Mọ́

Bàbá mi, tí mo ṣì ń fetí sí ìró bàtà yín ní ọ̀dẹ̀dẹ̀,

Ẹ má bínú pé mi ò kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà yín bí ẹ ṣe kọ́ mi. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi gbóná. Àǹtí Ọmọ́wùmí, àbúrò yín, wà lórí ibùsùn ọsibítù ní Iléṣà. Ẹni tó bá wá kí wọn, ohun tí wọ́n ń sọ fún un ni pé ẹ̀yin lẹ ń pe àwọn. Wọ́n ní ẹ máa ń dúró ní òdìkejì odò abúlé wa, ẹ ó gbé omi dání nínú kọ́ọ̀pù, ẹ ó máa pe Àbẹ̀kẹ́, Àbẹ̀kẹ́. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, ta ló tún ń pè wọ́n ní Àbẹ̀kẹ́? Kò sí ẹnì kan. Ohun tó ń já mi láyà nìyẹn. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni lóòótọ́, mo kúnlẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún wa.

Ẹ jẹ́ kí n rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ẹ kì í fẹ́ kí wọ́n ti àárín bẹ̀rẹ̀ ìtàn fún yín. Ẹ rántí kúbùsù yẹn? Èyí tó ní àwọ̀ ewé, tí ọ̀gá yín òyìnbó tí ẹ ń wa ọkọ̀ rẹ̀ fún yín nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀. Ó ní òun ń bọ̀ wá kí yín. Ẹ̀yin náà wá sọ pé òun ló fún yín, òun ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i lára yín. Ọdún ń gorí ọdún. Ọyẹ́ ń mú, ẹ ń ká jọ lórí ibùsùn nílé wa ní Òṣogbo bí ewúrẹ́ tí òjò pa, kúbùsù jókòó sórí kọ́bọ́ọ̀dù nínú ọ̀rá tí wọ́n fi tà á. Bí mo bá ń yọ yín lẹ́nu pé kí ẹ fi bora, ẹ ó ní ẹni tí a bí ire kì í tú ẹ̀bùn wò lẹ́yìn ẹni tó fún un. Òyìnbó ò padà wá. Ẹ kú sínú òtútù. Kí n má purọ́ fún yín, mo bínú sí kúbùsù yẹn ju bí mo ṣe bínú sí ikú lọ.

Mo ń ṣe irú iṣẹ́ tí ẹ ṣe báyìí, àfi pé èmi kì í di ọwọ́ ọkọ̀ mú. Ẹgbẹ́ aláàánú kan láti òkè òkun ló gbà mí, àwọn tó ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, tó ń kọ́ ilé ìwòsàn kéékèèké káàkiri. Bí àwọn tó fi owó wọn ṣe é bá fẹ́ wá fojú rí i, èmi ni mo máa ń wá hòtẹ́ẹ̀lì fún wọn ní Òṣogbo, èmi ni mo máa ń ránṣẹ́ sí abúlé, èmi ni mo máa ń kọ ètò sínú ìwé, aago yìí a wà níbí, aago yẹn a wà lọ́hùn-ún. Ẹ bá mi rẹ́rìn-ín, Bàbá. Ẹ mọ bí ètò ṣe ń rí lójú ọ̀nà wa. Mo ti kó àlejò lọ wo ilé ìwé ní Ìdó-Ọ̀ṣun, kí a débẹ̀, wọ́n ti tì í pa, gbogbo olùkọ́ ti lọ síbi òkú. Mo ti mú wọn lọ kí ọba kan tó lọ kí ọba mìíràn. Òjò á rọ̀, epo á wọ́n, ọkọ̀ á kọ̀ṣẹ́, ọjà á bọ́ sí ọjọ́ tí a dá. Òyìnbó á máa wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé kí wọ́n ká ètò wọn sínú àpò, kí wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di sùúrù mú.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Mo rántí búùtù ọkọ̀ yín: gálọ́ọ̀nù omi, gàrí nínú ike, àdá, okùn, tọ́ọ̀ṣì tí ẹ fi aṣọ wé. Bí afárá bá já, ẹ kì í ráhùn. Ẹ ó bọ́ sílẹ̀, ẹ ó wo ọ̀tún, ẹ ó wo òsì, ẹ ó yà sí ibi tí ọ̀nà bá wà. Bí èmi náà ṣe ń ṣe nìyẹn títí di ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí.

Nígbà tí ẹgbẹ́ wa ní ká mú abúlé kan wá tí wọ́n á gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún, ta ni kò ní rántí ilé? Abúlé wa ni mo dárúkọ, lẹ́yìn Ìfẹ̀wàrà, níbi tí ọ̀nà ọlọ́dà ti parí tí oko kòkó ti bẹ̀rẹ̀. Ó sì tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ò mọ ohun tí odò yẹn dà lẹ́yìn yín. Àwọn tó ń wa góòlù ti dé òkè odò. Wọ́n ń fi ẹ̀rọ tú ilẹ̀, wọ́n ń fi oògùn tí ẹnikẹ́ni ò mọ orúkọ rẹ̀ ṣan iyẹ̀pẹ̀, gbogbo rẹ̀ ń wọ́ wá bá wa nísàlẹ̀. Odò tí ẹ ti kọ́ mi ní ìlúwẹ̀ẹ́ ti dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Ẹja ti tán. Akàn tó máa ń sá wọ abẹ́ òkúta, ẹ ò ní rí ẹyọ kan kí ẹ fi han ọmọdé. Ajá á sọ̀ kalẹ̀ dé etí odò, á gbóòórùn rẹ̀, á padà.

Ẹ wo ìdùnnú lọ́jọ́ tí wọ́n gbé táǹkì gorí irin! Wọ́n fi ọgbà yí i ká, wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ lé Àǹtí lọ́wọ́, nítorí àwọn ni ìyá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin abúlé. Wọ́n so ó mọ́ etí ìró wọn. Wọ́n ń rìn bí ìyàwó tuntun. Ó wá ku kí àlejò wá wò ó.

A dá ọjọ́. Àlejò sún un, wọ́n ní àwọn gbọ́ pé ajínigbé wà lójú ọ̀nà. A dá òmíràn. Olórí wọn ṣubú nínú ilé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. A tún dá òmíràn, físà ò jáde. Òjò tún dé. Lẹ́yìn òjò, ọkọ̀ òfurufú ò gbéra. Háà, Bàbá, èmi tí mò ń kọ́ òyìnbó ní sùúrù, òyìnbó wá fi sùúrù nà mí bí ẹni na ọmọ. Fóònù kì í sì í wọ abúlé dáadáa, nítorí náà bí ètò bá ti yí báyìí, èmi ni mo máa ń wọ ọkọ̀ dé Ìfẹ̀wàrà, tí mo máa ń gun ọ̀kadà wọlé lọ sọ fún wọn. Àǹtí kì í bínú. Wọ́n á ní kò burú, omi tí ẹni yóò mu kì í ṣàn kọjá ẹni. Wọ́n á ní bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Kí n tó jókòó, wọ́n á ti bu omi fún mi nínú kọ́ọ̀pù tánganran yín, èyí tó ní òdòdó pupa lára. Mo máa ń mu ún tán. Ta ni yóò kọ omi nílé àbúrò bàbá rẹ̀? Ó máa ń ta mí lẹ́nu bí ẹni tó lá ìṣó. Mo ní páìpù tuntun ni.

Wọ́n ń yí padà níṣojú mi, ojú mi ò sì là. Ọwọ́ tó máa ń fi ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la kòkó ń gbọ̀n. Nǹkan ń bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ń fi orúkọ màmá mi pè mí. Wọ́n ní ewúrẹ́ àwọn bí òkú ọmọ, ti ìyá tó wà lódìkejì ilé náà bí òkú. Èmi ní ọjọ́ orí ni, èmi ní ẹ pẹ̀lẹ́, èmi gun ọ̀kadà padà.

Níkẹyìn, ní àárín ọ̀sẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò retí, òyìnbó kan dé sí Òṣogbo, obìnrin àgbàlagbà tí irun rẹ̀ ti funfun pátápátá. Abúlé wa kọ́ ló bá wá. Ilé ìwòsàn kan lápá Ìfẹ̀wàrà ló wà nínú ètò rẹ̀, tiwa di ìgbà tí àwọn ìyókù ẹgbẹ́ wọn bá dé. Awakọ̀ wa, Bọ̀dá Múfú, ọmọ Òṣogbo tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, gbé wa. A rìn, a rìn, a bá afárá tí òjò ti gbé lọ. Múfú họ orí. Ó ní ṣé a ó wá padà sílé lọ́wọ́ òfo ni, ṣebí abúlé bàbá mi wà ní ọwọ́ òsì níbẹ̀ yẹn? Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì bí ẹ ṣe máa ń ṣe. A yà.

A ò ránṣẹ́ síwájú. Ẹ̀yin mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Gbogbo ibi tí mo ti ń kó àlejò lọ látijọ́ yìí, wọ́n ti gbálẹ̀ dè wá, wọ́n ti wẹ ọmọ dè wá. Ọjọ́ yẹn la bá ilé bí ilé ṣe rí.

Àwọn obìnrin ń gòkè bọ̀ láti odò, kẹ́ẹ̀gì lórí wọn, omi pupa rúsúrúsú ń kán sí wọn léjìká. Wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ kànga ẹ̀rọ kọjá bí ẹni ń gba ẹ̀gbẹ́ sàréè kọjá. Mo sún mọ́ ọgbà. Àgádágodo ti dípẹtà. Mo yọjú wọ inú. Bàbá, àwọn ẹnu ẹ̀rọ náà ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi gbé wọn wá láti ọjà. Gbogbo wọn pátá. Ọ̀rá náà ti gbó mọ́ wọn lára. Kò sí ẹnì kan tó tíì tọ́ omi yẹn wò rí! Mo rí kúbùsù yín níwájú mi, irin ọgbà ni mo dì mú.

Wọ́n ń dúró de àlejò. Gbogbo ìgbà tí mò ń gun ọ̀kadà wá sọ pé ètò ti yí, ohun tí wọ́n ń gbọ́ lẹ́nu mi ni pé kí wọ́n ṣì máa mu odò. Mi ò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ o! Kò wá sí mi lọ́kàn rí láti sọ fún wọn pé kí wọ́n máa pọn ọ́n. Ta ló ń sọ fún ẹni tó ni kànga pé kó pọnmi? Omi tí mò ń mu lọ́dọ̀ Àǹtí, odò náà ni, tí wọ́n fi álọ́ọ̀mù mú tòrò nínú ìkòkò.

Àǹtí jáde, inú wọn dùn, ojú sì ń tì wọ́n pé ìró oko ni wọ́n ró. Òyìnbó ní kí n bi wọ́n pé láti ìgbà wo ni wọ́n ti ń mu omi odò. Wọ́n dáhùn pé láti ìgbà tí wọ́n ti bí àwọn ni, wọ́n rò pé ó ń bá àwọn ṣeré. Nígbà tí mo túmọ̀ fún òyìnbó pé àlejò ni wọ́n ń dúró dè, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní kí wọ́n ṣí i báyìí báyìí. Àǹtí kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní ká má rí i! Baálẹ̀ wà lóko, kò sí àga, ẹnikẹ́ni ò gún iyán, àwọn ọmọ ilé ìwé ò tíì mọ orin tí wọ́n fẹ́ kọ. Wọ́n ní ṣé bí ènìyàn ṣe ń gba ẹ̀bùn nìyẹn, bí ẹni tó jí i? Kí àlejò lọ, kó wá padà ní ọjọ́ tí àwọn bá ti múra. Òyìnbó wò mí, èmi náà wò ó. Ọ̀la ló ń lọ sílùú rẹ̀.

Bàbá, mo ṣe ohun tí ọmọ kì í ṣe. Mo na ọwọ́ sí etí ìró àbúrò yín níṣojú gbogbo ayé, mo tú kókó rẹ̀, mo mú kọ́kọ́rọ́. Àwọn obìnrin figbe ta. Àǹtí ò bá mi jà. Wọ́n kàn ń wo ọwọ́ mi, wọ́n ní ọwọ́ Bọ̀dá, bí wọ́n ṣe ń pè yín, ni mo jogún yìí. Kọ́kọ́rọ́ ò yí, Múfú ló fi irin tí ó fi ń tú táyà já àgádágodo. Omi tó kọ́kọ́ tú jáde pupa bí ẹ̀jẹ̀, gbogbo wa fò sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ó mọ́. Ó mọ́ kedere. Àǹtí ní àfi kí àlejò kọ́kọ́ mu, òyìnbó sì mu. Mo wá bu ti Àǹtí. Ọwọ́ wọn ò lè di kọ́ọ̀pù mú, èmi ni mo gbé e sí wọn lẹ́nu. Wọ́n mu ún tán, wọ́n nu ẹnu, wọ́n ní omi yìí gan-an ni Bọ̀dá máa ń gbé dání lódìkejì odò. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí wọ́n dá kú lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, la bá gbé wọn dìgbàdìgbà wá sí Iléṣà. Dókítà ní májèlé tó bá ti inú irú omi yẹn wọ ara kì í pariwo. Á wọ egungun, á jókòó, á máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní jẹ́ẹ́jẹ́. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn lọ sí Ìbàdàn. Wọ́n ní èsì á dé lọ́sẹ̀ yìí. Wọ́n tún ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwọn àlejò ìyókù náà kọ̀wé. Wọ́n ní ó dun àwọn pé a ṣí kànga láìsí àwọn, wọ́n ní ṣé a lè bá àwọn tì í padà, kí àwọn wá ṣí i fún fọ́tò. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹkún fi gbà á lẹ́nu mi.

Ọyẹ́ ti dé, Àǹtí sì ń gbọ̀n lórí ibùsùn yẹn, bí ẹ ṣe ń gbọ̀n gẹ́lẹ́. Mo lọ sílé, mo gbé kúbùsù yín sọ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù. Eyín ni mo fi ya ọ̀rá náà. Mo gbé e wá, mo fi bo wọn dé ọrùn. Wọ́n ń fi ìka ra etí rẹ̀ títí, mo rò pé wọ́n fẹ́ sùn. Ni wọ́n bá bi mí bóyá ẹni tó fún Bọ̀dá ti rí i. Mo ní ó ti rí i. Irọ́ ni mo pa, àbí òótọ́ ni? Ṣé ẹ ti pàdé rẹ̀ lọ́hùn-ún? Ṣé ó rántí yín?

Wọn ò fi bẹ́ẹ̀ bá wa sọ̀rọ̀ mọ́. Ògiri ni wọ́n kọjú sí, wọ́n á ní mò ń bọ̀ o, Bọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n so ìró. Nọ́ọ̀sì ní kí n má fetí sí i. Báwo ni mi ò ṣe ní fetí sí i? Kí lẹ ń wá lára wọn? Tó bá jẹ́ pé omi lẹ fẹ́ fún wọn, wọ́n ti rí omi mu, èmi ni mo gbé e sí wọn lẹ́nu. Ẹ gbé kọ́ọ̀pù yín sílẹ̀, ẹ padà lẹ́yìn odò yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jí àbúrò yín nínú oorun, ẹ wá di ẹni tó ń pè wọ́n lọ́sàn-án gangan?

Mo fẹ́ dá ọ̀rọ̀ dúró síbí, ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ sọ ìyókù fún? Dókítà bi mí bóyá èmi náà mu nínú omi odò yẹn. Mo yára dáhùn pé rárá, àlejò ni mí níbẹ̀, Òṣogbo ni mò ń gbé. Ó ti lọ kí n tó rántí ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ fún àlejò.

Ní àárọ̀ yìí, mo ń fọ kọ́ọ̀pù tánganran yín ní ẹ̀yìnkùlé. Mo ti mú un kúrò ní abúlé kí ó má baà sọnù. Ó bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ mú un, ó tún bọ́. Mo ń wo ìka mi, mo ń sọ fún un pé kó dúró jẹ́ẹ́, ni ẹnì kan bá pè mí láti ibi tí ẹ ti máa ń fọ ọkọ̀. Kò pe orúkọ mi. Oríkì mi ló pè, èyí tí ẹ̀yin nìkan ń pè, tó sì fa ìparí rẹ̀ gùn bí ẹ ṣe máa ń fà á. Mo wẹ̀yìn, kò sí ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ́ mi láti kékeré pé bí wọ́n bá pè mí tí mi ò rí ẹni tó pè mí, mi ò gbọdọ̀ jẹ́ ẹ. Mo ti la ẹnu, Bàbá. Ohùn yín ni, ó sì ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ. Mo fi ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn bo ẹnu mi.

Èmi ni, ọmọ yín, tó fẹ́ràn yín dọ́ba, tó gbọ́ yín, tí kò ní í dáhùn.